Tar, zip, 7z tàbí RAR: èwo ni kó o fi di fáìlì rẹ?

Kó o tó yọ owó ra WinRAR, ètò tó ń di fáìlì RAR, dúró ná. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí, òun nìkan ni wọ́n ń tà. Ọ̀fẹ́ ni tar, zip àti 7-Zip (òun ló ń di 7z). Ọjọ́ 40 ni wọ́n fún ọ láti fi dán WinRAR wò. Dídi fáìlì RAR ló ń gbowó, títú u kì í gbowó: ètò kan tó ń jẹ́ unrar á tú u, 7-Zip náà á tú u. Bó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn ló kàn ń fi RAR ránṣẹ́ sí ọ, kò sí ohun tó o fẹ́ rà.

Tar ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ti wà láti 1979, láyé ìgbà tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sórí téèpù, ibẹ̀ ló sì ti rí orúkọ. Tar fúnra rẹ̀ kì í fún ẹrù mọ́ra. Ó kàn ń kó o sínú àpò kan ni. Gzip, xz tàbí zstd ló ń fún àpò náà kó lè kéré.

tar -czf ise.tar.gz ise/
tar -tf ise.tar.gz
tar -xf ise.tar.gz

Inú tẹ́mínà, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lo máa tẹ̀ wọ́n sí; ise ni orúkọ fódà náà. Ìlà àkọ́kọ́ ń dì, ìkejì ń yẹ inú rẹ̀ wò, ìkẹta ń tú. Má fo ìkejì. Àwọn kan máa ń di fáìlì láìfi fódà kankan yí i ká. Bó o bá tú irú ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dà sáàárín fáìlì tìrẹ, èyí tó bá sì bá tìrẹ jórúkọ á rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè.

Lẹ́tà z ló ń pe gzip. Lẹ́tà f ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, torí orúkọ fáìlì ló ń retí. Èmi náà ti tẹ -cfz rí. Tar mú z lórúkọ, ó ṣàròyé pé òun ò rí ise.tar.gz, ó sì di gbogbo fódà mi sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ z, láìfún un rárá. Mo wá ise.tar.gz títí!

Gzip wà níbi gbogbo. Xz ń fún ẹrù kéré jù ú lọ, àmọ́ á jẹ́ kó o dúró. Zstd, tí Facebook gbé jáde ní 2016, ni mo fẹ́ràn jù: ó yá, ó sì ń fún ẹrù dáadáa. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè má ní in.

Zip ló dáa fún ohun tó o fẹ́ fi ránṣẹ́, torí Windows àti Mac ń ṣí i láìfi ohunkóhun kún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fún fáìlì, ìyẹn lo fi lè yọ ẹyọ kan láìtú gbogbo rẹ̀. Bó o bá gbàgbé -r, tó ń ní kí zip kó ohun tó wà nínú fódà, fódà òfìfo lo dì yẹn. Má sì gbọ́kàn lé ọ̀rọ̀ aṣínà tí zip -e ń béèrè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti já a.

Fún àṣírí, 7z ni:

7z a -p -mhe=on asiri.7z ise/

AES-256, ọ̀nà ìtìpa tó lágbára, ló fi ń tì í, -mhe=on sì ń bo orúkọ àwọn fáìlì náà mọ́lẹ̀. Bó o bá fẹ́ tú u, 7z x ni kó o tẹ̀, má tẹ 7z e: lẹ́tà e ń da gbogbo fáìlì sójú kan, fódà á sì pòórá. 7z kì í rántí ẹni tó ni fáìlì lórí Linux, nítorí náà tar ni kó o fi tọ́jú ẹ̀dà odindi ẹ̀rọ.

Kí wá ni RAR ní tó tó owó? Ohun kan ṣoṣo ni mo rí: rar a -rr5 ń fi àfikún díẹ̀ pa mọ́ sínú ẹrù náà, débi pé bí díìsìkì bá ba apá kan rẹ̀ jẹ́, rar r lè tún un ṣe. Zip àti 7z kò ní in. Ṣùgbọ́n ètò kan tó ń jẹ́ par2 ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹrù yòówù, bó ò bá ti kọ̀ láti máa gbé fáìlì rẹ̀ kiri pẹ̀lú ẹrù. Èmi ò kọ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé jpg àti mp4, àwòrán àti fídíò tí wọ́n ti fún tẹ́lẹ̀, ló pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ, kò séyìí tó máa dín in kù tó o máa mọ̀ ọ́n lára. Yọ z kúrò, fi tar lásán dì í.