Ìkìlọ̀ fún òbí tó fẹ́ ra káàdì Pokémon fún ọmọ tó ń lọ sí ìdíje: ẹ ṣọ́ra fún "kóòṣì" orí WhatsApp

Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, pàápàá ẹ̀yin tó wà ní London àti àyíká rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní kóòṣì káàdì Pokémon. Inú gúrúùpù WhatsApp àwa òbí ló ti ń rìn: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìwé, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Yóò kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò máa pè yín ní "Mummy" tàbí "ẹ̀gbọ́n mi", yóò ní òun gbọ́ pé ọmọ yín fẹ́ràn Pokémon, òun sì ní dẹ́ẹ̀kì (àkójọ káàdì tí ọmọ fi ń ṣeré náà) tó ti ṣetán fún ìdíje lọ́wọ́, £120 péré. Ó ní bí ọmọ bá gbé e lọ, ẹ̀bùn ni yóò gbé bọ̀. Irọ́ ni. Ayédèrú ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń tà. Èyí tí kì í ṣe ayédèrú níbẹ̀, káàdì tí wọn kò gbà mọ́ lórí tábìlì ìdíje ni.

N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kò sì ṣòroó pààrọ̀. Ọgbọ́n tó ń ta ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí òun nìkan kọ́ ló wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Àbúrò mi obìnrin ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà mọ eré yìí dunjú. Ó mọ̀ pé 60 geere ni káàdì inú dẹ́ẹ̀kì, pé èyí tó bá jẹ́ orúkọ kan náà kò gbọdọ̀ ju 4 lọ àfi Basic Energy (káàdì agbára lásán), pé káàdì 6 ni èèyàn ń yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀bùn inú eré. Ìdíje àkọ́kọ́ tó lọ kì í ṣe ńlá, League Challenge ni, irú èyí tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n jókòó, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹnìkejì rẹ̀ sì gba dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ láti pò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọmọ yẹn pò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó wo ẹ̀gbẹ́ káàdì náà, ó sì nawọ́ pe adájọ́. Adájọ́ fa káàdì kan yọ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, ó gbé e sókè síná, ìmọ́lẹ̀ là á já. Ó tún fa òmíràn yọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kó wọn jọ sápá kan tábìlì, ó sì rọra sọ fún àbúrò mi pé ayédèrú ni gbogbo wọn, ọmọ kò lè fi wọ́n ṣeré.

Adájọ́ náà ṣe dáadáa, kò bú ọmọ, kò pariwo. Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì ni wọ́n wà, àwọn ọmọ yòókù sì ń wò. Nígbà tí wọ́n dénú bọ́ọ̀sì, ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n á máa pè mí ní olè ni?" Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n kọ ìkìlọ̀ yìí. Ọmọ tí kò jí nǹkan kan, tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ni àgbàlagbà kan gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wò tìfura-tìfura.

Mo mọ ìdí tí ọjà wọn fi ń tà. Ìdíje àgbáyé Pokémon wáyé ní gbọ̀ngàn ExCeL ní London níbí ní oṣù kẹjọ 2022, ti ilẹ̀ Yúróòpù náà sì wáyé níbẹ̀ ní 2023, 2024 àti 2025. Àwọn ọmọ wa rí i pé káàdì tí àwọn ń pààrọ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán ní ibi gidi tó lè gbé èèyàn dé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ káàdì kan, Prismatic Evolutions, jáde ní oṣù kìíní 2025, tí káàdì wọ́n gógó, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń ní kí ẹnì kan má rà ju ìwọ̀nba lọ, tí àwọn alájàpá sì ń kó o lọ tà ní ìlọ́po owó rẹ̀. Òbí tó ti rìn títí kò rí nǹkan rà, bí ẹnì kan bá ní "mo ní in nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni mo yà sọ́tọ̀ yìí", ó máa ń dà bí àánú. Ibẹ̀ gan-an ni gbájúẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè dá ayédèrú mọ̀, torí ó ṣeé mọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ eré náà ṣe. Ẹ mú káàdì kan tó dá yín lójú, èyí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù gidi, ó lè jẹ́ Energy lásán. Ẹ fi méjèèjì síwájú ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn. Ojúlówó máa ń ní búlúù tó ki dáadáa. Ti ayédèrú sábà máa ń ṣá, tàbí kó fẹ́ di àwọ̀ àlùkò. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Ojúlówó ní ìlà dúdú tín-ín-rín kan láàárín bébà funfun méjì, ìlà yẹn ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá dáadáa. Ayédèrú kì í sábà ní in. Ẹ má ya káàdì ọmọ láti wò ó o! Iná fóònù ti tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Orúkọ Pokémon ní àmì lórí "é". Oníjìbìtì máa ń gbàgbé rẹ̀. Lẹ́tà lè sanra jù, àlàfo ọ̀rọ̀ lè máà dọ́gba, orúkọ ìkọlù lè jẹ́ ohun tí kò nítumọ̀. Ẹ tún wo etí káàdì. Láti ìgbà tí ọ̀wọ́ káàdì Scarlet & Violet ti jáde ní oṣù kẹta 2023, eérú ni etí káàdì èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe yẹ́lò mọ́. Nínú ohun tí àbúrò mi rà, káàdì tó jáde lẹ́yìn 2023 wà níbẹ̀ tí etí rẹ̀ yẹ́lò bí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì olówó ńlá tí àwòrán bo ojú wọn látòkè délẹ̀, bí ẹ bá fi èékánná rìn wọ́n, ẹ ó gbọ́ ìlà wẹ́wẹ́ lára wọn bí ìlà ìtẹ̀ka. Ayédèrú máa ń jọ̀lọ̀, kó sì máa dán gbinrin.

Ti káàdì aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń dì ní páálí, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lójà ọjọ́ Sunday, ẹ má tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun ìṣeré ni. Kò sí káàdì onírin kankan tí wọ́n ń gbà nínú ìdíje, títí kan ti Charizard àti Pikachu onírin tí ilé iṣẹ́ Pokémon fúnra rẹ̀ ṣe ní 2021.

Apá kejì jìbìtì yìí ló burú jù lójú mi, torí káàdì gidi ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tó bá wò ó kò ní rí àléébù kankan. Ní ìsàlẹ̀ káàdì, lápá òsì, lẹ́tà kékeré kan wà nínú àpótí. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń mọ èyí tí ìdíje Standard (oríṣi ìdíje tí kì í gba káàdì tó ti pẹ́) ṣì ń gbà. Ọdọọdún ni àwọn tó ti pẹ́ ń kúrò; ní oṣù kẹrin 2025, lẹ́tà F ló kúrò. Ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe ni pé ó ń ra àwọn káàdì tó ti kúrò nínú Standard ní owó pọ́ọ́kú, ó ń kó wọn jọ di 60, ó wá ń tà wọ́n bíi dẹ́ẹ̀kì ìdíje. Bákan náà ló ń ṣe pẹ̀lú káàdì èdè Jàpáànù. Ojúlówó ni, ó tún rẹwà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á nínú ìdíje ní UK. Torí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí òǹtajà ya fọ́tò gbogbo káàdì 60 náà ní iwájú, kí lẹ́tà ìsàlẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ń tà lóòótọ́ kò ní kọ̀. Àwọn káàdì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti tún tẹ̀ jáde, tí wọ́n ṣì ń gbà nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n òǹtajà ló yẹ kó tọ́ka èyí tuntun hàn yín.

Ti páàkì náà ń bẹ, ìyẹn ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń di káàdì sí láti tà. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á mú èyí tó níye lórí, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ wo orí àti ìdí páàkì: ìlà tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí i máa ń dọ́gba. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn bóyá ó ṣí, tàbí bóyá nǹkan ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Àpótí "àdììtú" tí ẹnì kan dì fúnra rẹ̀ nílé, tó ní ó lè ní káàdì olówó ńlá bíi Charizard nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Owó ló kàn. Ọkùnrin yìí kì í gba owó lọ́nà tó ṣeé gbà padà. Ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì báńkì, tàbí PayPal, ṣùgbọ́n kí wọ́n yan Friends and Family "kí wọ́n má bàa gé owó lára rẹ̀". Ẹni tó bá yan ìyẹn, PayPal kò ní dáàbò bo ohun tó rà. Ẹ wò ó bó ti ń ṣe é: ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìyá yín, kó lè gba owó yín lọ́nà tí ẹ̀yin àti mọ̀lẹ́bí yín ń gbà fi owó ránṣẹ́ síra.

Kò sì sídìí tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi gbọdọ̀ ná £120. Ilé iṣẹ́ Pokémon ń ṣe League Battle Deck, dẹ́ẹ̀kì 60 tó pé, tí wọ́n tò fún ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ní ṣọ́ọ̀bù gidi, iye rẹ̀ kò jìnnà sí £30. Ẹ kàn rí i pé lẹ́tà àwọn káàdì inú rẹ̀ ṣì wà lára èyí tí Standard ń gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ra káàdì tó bá kù ní ẹyọ-ẹyọ. Ohun tí àwọn oníjìbìtì kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí: káàdì kan náà máa ń wà ní oríṣiríṣi, èyí tó ń dán gbinrin lè tó £50 kí èyí tí kò dán máà tó £2, agbára kan náà ni wọ́n sì ní lórí tábìlì. Páàkì ṣíṣí kò lè kó dẹ́ẹ̀kì jọ fún ọmọ. Ayọ̀ ọjọ́ ìbí ni ẹ jẹ́ kó jẹ́.

Lójú tèmi, kí ẹ tó rà ohunkóhun, ẹ mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe líìgì Play! Pokémon, ètò ìdíje ilé iṣẹ́ Pokémon fúnra rẹ̀. Wọ́n wà lórí ojú òpó Pokémon, ẹ ó rí èyí tó sún mọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n á ti yá ọmọ ní dẹ́ẹ̀kì láti gbá a wò, kò sì sí òfin tó ní káàdì tí ọmọ fi ń díje gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Player ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tí ọmọ nílò, ẹ̀yin òbí ni ẹ máa fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka Junior, ti àwọn ọmọ kékeré, ló máa wà. Pokémon TCG Live, eré káàdì yìí kan náà, wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè fi kọ́ ọwọ́. Bí ẹ bá sì ní ìbéèrè lórí káàdì kan, ẹ gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ibẹ̀ kí ọjọ́ ìdíje tó dé. Wọn kì í gba owó láti wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má ju káàdì náà nù, ẹ má sì tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀rí ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp kó tó pa á rẹ́, àti ìwé owó báńkì. Ẹ kọ̀wé sí i pé ohun tó tà kò bá ohun tó sọ mu, ẹ sì fẹ́ owó yín. Ẹni tó ń fi títà ṣe òwò ló jẹ́, bó ti wù kó máa sẹ́, nítorí náà Consumer Rights Act 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tí kò bá ohun tí wọ́n sọ mu padà. Bó bá jẹ́ credit card ni ẹ fi san án, tí ọjà sì ju £100 lọ, Section 75 ti òfin Consumer Credit Act mú kí báńkì náà jẹ̀bi pẹ̀lú rẹ̀; ẹ pè wọ́n. Bó bá jẹ́ debit card, ẹ béèrè chargeback (kí báńkì gba owó náà padà lọ́wọ́ òǹtajà), ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ni, ẹ sọ fún báńkì yín lónìí pé wọ́n lù yín ní jìbìtì. Ẹ tún pe Citizens Advice lórí 0808 223 1133. Àwọn ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ Trading Standards. Bí ẹjọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i níwájú wọn ni wọ́n á ṣe tètè dìde sí i.

Ẹ̀yin alábòójútó gúrúùpù, ẹ wo àwọn tó ń polówó "dẹ́ẹ̀kì ìdíje" láàárín yín. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń béèrè Friends and Family, tí kò fẹ́ ya fọ́tò káàdì 60, ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn òbí tó kù, torí yóò wá wọn lọ sí inú fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.