Àgbà agbẹjọ́rò tó ń gba ẹjọ́ àṣìṣe ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn: bí iṣẹ́ wọn ti rí

Ọ́fíìsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní agbègbè Ring Road ní Ìbàdàn, níbi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, obìnrin tó dá a sílẹ̀ sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò fa ọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí ọkọ̀ gbá tàbí ẹni tó kú sínú ọkọ̀ èrò. Láti ibẹ̀ ni ẹjọ́ ilé ìwòsàn ti wá bá wọn, nítorí pé àwọn kan náà tí wọ́n ti bá gba owó ìjàǹbá ló ń padà wá ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ tí dókítà tò fún àwọn ti wọ́. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí òfin iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà fi ààlà sí bí lọ́yà ṣe lè polówó ara rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ìyìn mi di ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Màmá ni gbogbo ọ́fíìsì náà ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè wọ́n níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé wa débẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Tìyá tọmọ yè, ṣùgbọ́n inú kò yéé run ún, ibà kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀, títí ilé ìwòsàn mìíràn fi yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí gọ́ọ̀sì, aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n rán mọ́ ọn nínú, tí wọ́n sì ní láti tún un là ní ẹ̀ẹ̀kejì. Lójú tiwa, ẹjọ́ náà ti dá ara rẹ̀. Lójú Màmá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yìn nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò fi ìrètí òfo tù wá nínú. Kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n ròyìn ẹjọ́ kan tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní 2006 fún wa, ti obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ kán sí nínú nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin. Fọ́tò X-ray fi abẹ́rẹ́ náà hàn gbangba, síbẹ̀ obìnrin náà fìdí rẹmi láti ilé ẹjọ́ gíga títí dé òkè, nítorí pé rírí abẹ́rẹ́ nínú ara nìkan kò tó láti fi hàn pé dókítà kò kíyè sára, kò sì sí àgbà oníṣègùn tó wá bá a jẹ́rìí sí i. Màmá ní bí àwa náà bá lọ dúró níwájú adájọ́ pẹ̀lú omijé àti àpá iṣẹ́ abẹ nìkan, ibi tí ẹjọ́ yẹn já sí ni tiwa yóò já sí. Wọ́n tún bi wá bóyá ilé ìwòsàn ìjọba ni, nítorí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba kò fún olùpẹjọ́ ju oṣù mẹ́ta lọ. (Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í tíì lè jókòó dáadáa nígbà tí oṣù mẹ́ta yẹn bá pé, n kò mọ ẹni tí òfin náà ń dáàbò bò ní tòótọ́.) Tiwa kì í ṣe ti ìjọba, àyè ṣì wà. Ní ti àjọ MDCN tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ, wọ́n là á yé wa pé àjọ náà lè yọ orúkọ dókítà kúrò tàbí kí ó dá a dúró fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pàṣẹ owó gbà-máà-bínú fún aláìsàn.

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ lórí káàdì ilé ìwòsàn. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún wa níbẹ̀ pé ti ilé ìwòsàn ni káàdì, kì í ṣe ti aláìsàn. Màmá kọ lẹ́tà kúkúrú kan, wọ́n tọ́ka sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 tó fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ pamọ́ nípa rẹ̀, káàdì náà sì jáde. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọn kò tilẹ̀ wo àlàyé dókítà. Ìwé tí nọ́ọ̀sì inú tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, fọwọ́ kọ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fi ìdérí báírò tọ́ka sí ìlà kan: ogún gọ́ọ̀sì ló wọlé. Àyè tó yẹ kí wọ́n kọ iye tó jáde sí ṣófo, ẹnì kan sì ti buwọ́ lu ìwé náà nísàlẹ̀. Láti 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún yàrá iṣẹ́ abẹ, tó ní kí wọ́n ka irinṣẹ́, gọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀. Màmá ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ wọn, etí rẹ̀ ti gbó. Lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dunjú lè má mọ èwo nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣí.

Wíwá dókítà tí yóò jẹ́rìí ló le jù. Oníṣègùn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lòdì sí oníṣègùn, pàápàá ní ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìbàdàn. Àgbà oníṣẹ́ abẹ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ni Màmá kàn sí, ó sì kọ ìròyìn tó fara balẹ̀. Ó fara mọ́ ọn pé àìkíyèsára ni gọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò fara mọ́ ohun tí a sọ pé gọ́ọ̀sì náà kò ní jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi bímọ mọ́. Màmá yọ apá yẹn kúrò nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ láìjanpata, inú ẹ̀gbọ́n mi kò sì dùn sí i rárá. Èrò tèmi ni pé bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ló mú kí ìyókù ta létí adájọ́.

Owó wọn kò kéré, ṣùgbọ́n ó hàn kedere. Ìlànà iṣẹ́ wọn gbà kí lọ́yà gba ìpín nínú owó tí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn bá mú wá, bí àdéhùn náà bá bójú mu, tí olùpẹjọ́ sì ń ru ìnáwó kóòtù fúnra rẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún la fọwọ́ sí. Owó ìforúkọsílẹ̀ ní kóòtù, owó ìròyìn àgbà dókítà, owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ti ibi tó sùn, àpò wa ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, rìsíìtì sì wà fún un. Ẹni tó bá gbọ́ pé lọ́yà kan kì í gbowó àfi tó bá jàre, kí ó má rò pé ọ̀fẹ́ ni.

Àléébù wọn kò fara sin. Màmá kì í gbé fóònù, akọ̀wé wọn a sì máa dáhùn bí ẹni pé a wá tọrọ owó. Lẹ́ẹ̀kan, júníọ̀ kan ni wọ́n rán sí kóòtù, kò sì mọ ẹni tó jẹ́ olùpẹjọ́ títí akọ̀wé kóòtù fi pe orúkọ. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ọjọ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi sì ṣòfò. Irú èyí kò yẹ ọ́fíìsì tó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìsúnsíwájú kọ́ ni ẹ̀bi wọn: adájọ́ lọ sí ìpàdé, wọ́n gbé adájọ́ kúrò, iná lọ.

Níwájú adájọ́ ni mo ti rí ohun tí a sanwó fún. Màmá kì í pariwo, ìbéèrè wọn kì í sì gùn. "Dókítà, ta ló ka gọ́ọ̀sì?" Nọ́ọ̀sì ni. "Ta ló yẹ kó gbọ́ iye rẹ̀ kí ó tó rán ikùn pa?" Dókítà náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ni. "Ẹ bá wa ka iye tí ẹ gbọ́ jáde nínú ìwé yìí." Lọ́yà ilé ìwòsàn dìde láti tako ìbéèrè náà, adájọ́ ní kí ó jókòó.

Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó tẹ̀lé e tó pé, ilé ìwòsàn náà ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kí a jọ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí adájọ́ dá a délẹ̀, Màmá sì sọ fún un pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, wọ́n kàn ka iye ọdún tí ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè gbà fún un. Ó gbà. Nítorí pé ilé ìwòsàn náà kò ní adójútòfò kankan, owó náà pín sí mẹ́ta, adájọ́ sì sọ àdéhùn náà di ìdájọ́, kí a má baà tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun bí wọn kò bá san án tán. Ìpín kejì ti wọlé. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan ni Màmá ti ń yọ tiwọn. Wọn kò gba odidi rẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́.