Sẹ́ńsọ̀ omi ẹ̀rọ ìfọṣọ: ká fọ rọ́bà ẹ̀ ni àbí ká pààrọ̀ ẹ̀?

Tí ẹ̀rọ bá ń gba omi láìdúró, ẹ má tíì sáré ra sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ bí omi inú ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó) o. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà tín-ínrín kan tó so mọ́ ọn ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé omi ti tó, ìdọ̀tí ọṣẹ tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ sì máa ń dí ẹnu ẹ̀ nísàlẹ̀.

Fífọ rọ́bà ò ná yín ní nǹkan kan, ẹ ṣáà yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kẹ́ ẹ fa rọ́bà kúrò lára sẹ́ńsọ̀ kẹ́ ẹ tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, torí atẹ́gùn líle lè ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Àmọ́ ìdọ̀tí lè padà.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n owó ni, ó sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ yẹn gan-an mu.

Tí rọ́bà bá dí, ẹ fọ̀ ọ́. Tó bá mọ́, tí ò lu, tí wáyà náà dáa, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀.