Kámpà tó ń rùn: róbà, ìdérí páìpù, oògùn táńkì tàbí tóílẹ́ẹ̀tì tuntun?

Ẹ bá wọ kámpà àlòkù kan, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀, ní Texas lóṣù Keje, lẹ́yìn tí oòrùn ti pa òrùlé rẹ̀ láti àárọ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá tóílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn kí ẹ tó bọ́ bàtà. Táńkì ìgbẹ́ wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé, ooru ti sè é, gáàsì inú rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Oògùn olóòórùn dídùn lọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sáré rà. Èmi náà rà á, ike mẹ́ta gbáko, kámpà wa wá ń rùn bí ṣalángá tí wọ́n da lọ́fínńdà sí. Róbà kan tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 30 ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ ó rántí páìpù gígùn tó máa ń dúró lẹ́yìn ilé nílé wa, tó ga ju pánù lọ. Ibẹ̀ ni gáàsì inú sókàwéè ń gbà lọ sókè kó má baà padà sínú ilé. Kámpà náà ní tirẹ̀, ó gba inú ògiri yọ sórí òrùlé. Ojú tóílẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀. Ti ilé ní ọrùn tó tẹ̀ kọrọdọ, omi máa ń dúró síbẹ̀ dí gáàsì lọ́nà. Ti kámpà kò ní ọrùn kankan: ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ihò á ṣí, inú táńkì lẹ̀ ń wò yẹn. Ohun tó wà láàárín yín kò ju ìdérí roboto kan, róbà tó yí i ká, àti omi díẹ̀ tó dúró lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ rí i dájú pé tóílẹ́ẹ̀tì ló ń rùn. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan ló ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná ni kí ẹ yẹ̀ wò, pàápàá ọ̀pá magnesium inú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni òórùn náà ti ń wá, ẹ má dúró ṣe àyẹ̀wò kankan. Ẹ má tan iná, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pa sìlíńdà gáàsì látìta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí gáàsì ìdáná ni kí èèyàn lè mọ̀ bó bá ń jò.

Róbà ojú tóílẹ́ẹ̀tì (bíi dọ́là 15 sí 30)

Ẹ bu omi sínú àwo tóílẹ́ẹ̀tì lálẹ́, kí ẹ padà wò ó láàárọ̀. Bí omi bá ti lọ, ìdérí kò pa dé mọ́. Ìyẹn ò tíì ní kí ẹ sáré ra róbà tuntun o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti fínígà fọ etí rẹ̀ dáadáa, nítorí ìwé ìnùdí tàbí ẹfun inú omi tó dì mọ́ ọn lè wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹ má fi Vaseline kùn ún, epo máa ń ba róbà jẹ́. Gíríìsì silicone ni tirẹ̀. Bó bá ṣì ń jò, ẹ ra tuntun. Tóílẹ́ẹ̀tì Dometic 300 àti 310 ń lo róbà kan náà, ti ilé iṣẹ́ Thetford yàtọ̀, nítorí náà ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara tóílẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ sọ́jà. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ, èyí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó yín kò ní ṣòfò.

Róbà kejì wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí tóílẹ́ẹ̀tì ti jókòó lé páìpù. Bí ilẹ̀ ìdí tóílẹ́ẹ̀tì bá rọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, igi abẹ́ rẹ̀ ti ń jẹrà. Bí ẹ kò bá tíì ra kámpà náà, ẹ kí ẹni tó ń tà á pé ó dàárọ̀.

Ìdérí páìpù òrùlé (bíi dọ́là 30)

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà nìkan ló ń rùn, ẹ wo fáànù òrùlé. Bí fèrèsé bá wà ní títì tí fáànù ń yí, inú táńkì ló ti máa fa afẹ́fẹ́, á gbé e pàdé yín lójú. Ẹ pa fáànù kí ẹ tó ṣan omi. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìdérí tí kámpà máa ń bá wá kò ṣe ju kó dí òjò lọ́nà. Èyí tí Lippert ń tà, tí wọ́n ń pè ní 360 Siphon, ń lo atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá láti fa gáàsì jáde, kò sì ní ohun tó ń yí tó lè bàjẹ́. Ó dára níbi gbangba bí etí òkun Galveston. Lábẹ́ igi, níbi tí ewé kò mì, ẹ má retí púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sínú páìpù náà ṣáá: bí agbọ́n bá ti kọ́lé síbẹ̀, tàbí tí páìpù ti yọ̀ wálẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti rì sínú omi táńkì, kò sí ìdérí tó lè gbà yín.

Fáàfù abẹ́ síńkì (bíi dọ́là 10)

Ike kékeré kan ni, ọwọ́ lásán lẹ máa fi yí i. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde. Bó bá ti gbó, táńkì omi ìdọ̀tí, ti síńkì àti ibi ìwẹ̀, á máa rùn wọlé. Epo ọbẹ̀ wa ló sì máa ń mú kí táńkì yẹn burú. Ẹ fi bébà nu àwo tí ẹ fi jẹ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ibi ìwẹ̀ ló ń rùn lẹ́yìn ìrìn-àjò, omi ọrùn páìpù ibẹ̀ ló ti dà nù lójú ọ̀nà. Ife omi kan ti tó.

Oògùn táńkì

Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà. Èyí tó ní formaldehyde ń pa kòkòrò àìfojúrí, òórùn á sì dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè pa kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú sókàwéè ibùdó tí ẹ máa tú táńkì sí pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àwọn ibùdó kan fi kọ̀ ọ́. Èkejì, tó ní kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́, ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ da bílíìṣì lé e lórí. Òun ni mo fara mọ́. Àmọ́ omi ni olórí oògùn. Ẹni tó bá ń ṣọ́ omi lò, tàbí tó ṣí fáàfù táńkì sílẹ̀ látàárọ̀ títí dalẹ́ ní ibùdó, omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á dúró, á ga bí òkìtì ọ̀gán lábẹ́ ihò. Ẹ ti fáàfù náà títí táńkì á fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ tó tú u lẹ́ẹ̀kan náà.

Tóílẹ́ẹ̀tì tuntun

Bí ẹ bá ti débí, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé bébà ni ará ilé yín ń lò, àbí bútà? Àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí kì í bi yín. Tóílẹ́ẹ̀tì Nature's Head, tí owó rẹ̀ súnmọ́ dọ́là 1,000, ń ya ìtọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́; ìgbẹ́ ń bọ́ sínú èèpo àgbọn lílọ̀, fáànù kékeré sì ń fa afẹ́fẹ́ síta. Tó bá gbẹ, kì í rùn, mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí màmá wá láti Ìbàdàn kó gbé bútà wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, ẹ ó rí ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin ará London, inú caravan yín, kásẹ́ẹ̀tì Thetford lẹ máa bá, táńkì kékeré tó ṣeé yọ, bíi lítà 17 sí 20. Ẹ máa gbé e lọ tú ni. Bútà á tètè kún un, róbà ẹnu rẹ̀ sì ń gbó, ṣùgbọ́n fáànù SOG tó ń fa afẹ́fẹ́ síta nígbà tí ẹ bá ṣí i dára gan-an.

Tóílẹ́ẹ̀tì olómi tó ní táńkì gálọ́ọ̀nù 30 tàbí 40 ni tèmi. Omi bútà, èrè ló jẹ́ fún un. Ti ike bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 150, ti tánganran bíi 200 sókè. Méjèèjì kò yàtọ̀ nínú òórùn, fífọ̀ ni ti tánganran rọrùn.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń lọ wo kámpà: ẹni tó fẹ́ tà á á ti fọ táńkì, á ti jẹ́ kó gbẹ, òórùn á sì ti lọ sùn. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù omi kan dání. Ẹ dà á sí tóílẹ́ẹ̀tì, síńkì àti ibi ìwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ lọ máa wo táyà fún ìṣẹ́jú 30. Ìgbà tí ẹ bá padà wọlé ni kí ẹ tó dá iye lé e. Àbúrò ìyàwó mi fi òórùn yẹn já dọ́là 800 kúrò nínú owó tirẹ̀, ó sì fi róbà dọ́là 25 tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.