Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ mú: iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, ṣe sí tẹlifíṣọ̀n mi
A ń wo ìròyìn lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ojú tẹlifíṣọ̀n wa, oní-íǹṣì 43 tí a ti ń lò láti ọdún 2019, ṣú dùdù, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn kò dákẹ́. Ó ti tó oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà tí àwòrán rẹ̀ ti ń yí sí búlúù, tí aṣọ funfun kò funfun mọ́, n kò sì mọ̀ pé àmì àìsàn ni. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní àdúgbò wa kò tú súkúrú kan ṣoṣo tí ó fi sọ pé páńẹ̀lì, ìyẹn gíláàsì ojú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde, ti kú, pé kí n lọ ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn, òun yóò sì ra òkú èyí lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, pàápàá nígbà tí mo wá mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló júwe ṣọ́ọ̀bù Lágere yìí fún mi. Ọ̀gá ibẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fa kọ́tìnì, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ ibí kí ẹ wò ó.” Mo wò ó, mo sì rí àwòrán tí ó ń rìn fírífírí nínú òkùnkùn. Ó ṣàlàyé pé páńẹ̀lì LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, iná LED wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń tàn gba inú rẹ̀ kọjá, àti pé bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan ni wọ́n so wọ́n, tó fi jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá jó, gbogbo ìlà náà lè kú. Búlúù tí mo ti ń rí náà ní ìdí tirẹ̀: búlúù ni ìmọ́lẹ̀ tí irú LED bẹ́ẹ̀ ń mú jáde, èròjà yẹ́lò tí wọ́n fi bò ó ló ń sọ ọ́ di funfun, bí ooru bá sì ti ba èròjà náà jẹ́, búlúù á máa yọ síta.

Gbogbo iná ẹ̀yìn náà ni ó pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó jó nìkan, kí ojú rẹ̀ má baà mọ́lẹ̀ níbì kan kí ó ṣú níbòmíràn. Owó rẹ̀ jẹ́ 35,000 náírà. Èmi fúnra mi rí bí àwọn méjì ṣe jùmọ̀ gbé páńẹ̀lì náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí gíláàsì rẹ̀ fẹ́lẹ́, wáyà pẹlẹbẹ etí rẹ̀ sì lè já pẹ́kẹ́. Lẹ́yìn náà ó dín agbára iná ẹ̀yìn kù nínú sẹ́tíǹgì tẹlifíṣọ̀n náà, ó ní bí kò bá gbóná jù, yóò pẹ́. Ó kìlọ̀ fún mi pé ní àsìkò ọyẹ́, kí n pa tẹlifíṣọ̀n kí n tó fi aṣọ gbígbẹ tó múlọ́múlọ́ nu eruku ojú rẹ̀, kí n má fi spírítì tàbí ọṣẹ fèrèsé kàn án, kí n sì yọ ọ́ lẹ́nu iná nígbàkígbà tí iná bá lọ.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó wà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dúró, n kò sì rí rìsíìtì gbà títí mo fi béèrè. Eruku kan tó rí bí irun tún há sẹ́yìn páńẹ̀lì ní igun òsì nísàlẹ̀.

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni màá máa gbé tiwa lọ. Ní ọjọ́ tí mo lọ gbà á, bàbá kan gbé èyí tí bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ ti fọ́ wá, ọ̀gá náà sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé gíláàsì páńẹ̀lì tó bá ti sán kò ṣeé lẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ní kí n gbé tèmi padà wá kí òun yọ eruku náà láìgba owó, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni màá lọ.