Mo fi Job Bank yan ìlú tí a óò gbé ní Kánádà: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ jórinjórin ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọdún kẹta rèé tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa ti ń gbé ní Winnipeg, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà. Jórinjórin ni mí. Ajílósùn ní Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà kí a tó lọ. Mo wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo sì ti lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ìgbà márùn-ún. Kò sí ìgbà kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kò bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, Toronto lẹ wà ni, àbí Calgary?" Bí mo bá ti ní Winnipeg, wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á wá bi mí pé ta ló ní kí n lọ síbẹ̀.

Job Bank ni. Ojú òpó ìjọba àpapọ̀ Kánádà ni, jobbank.gc.ca, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo lò ó dáadáa kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ń gbé inú ohun tó bá mi yàn láti ìgbà náà, nítorí náà mo lè sọ ibi tó ti ṣe wá lóore àti ibi tó ti já wa kulẹ̀.

Kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá, mo ti san 150,000 náírà fún ẹnì kan tó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa bá èèyàn yan ìlú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó fi ìwé olójú kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Toronto ni àkọ́kọ́, Brampton ṣìkejì, Mississauga ṣìkẹta. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ bíríkìlà ní Ìyìn-Èkìtì ti sanwó fún ẹni yìí kan náà. Nígbà tí a fi ìwé tèmi wé tirẹ̀, orúkọ oníwèé tó wà lókè nìkan ló yàtọ̀. Inú bí mi gan-an, nítorí mo mọ iye òru tí mo fi jó irin kí n tó rí owó yẹn. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí: lábẹ́ òfin Kánádà, ẹni tó bá máa gbowó lọ́wọ́ yín láti gbà yín nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà wọn fọwọ́ sí, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ College of Immigration and Citizenship Consultants. Ẹ lè wá orúkọ náà fúnra yín lórí ojú òpó College yìí kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀.

Kò sí ohun tó so wá mọ́ Toronto. Máàkì ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, la fi wọlé nínú Express Entry, ètò tí Kánádà ń fi máàkì ṣa àwọn tó fẹ́ wá gbé níbẹ̀, ní ọ̀nà Federal Skilled Worker, ti àwọn tó mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá gba ti ìpínlẹ̀ kan wọlé ti fọwọ́ sí i pé ìpínlẹ̀ yẹn lòun fẹ́ gbé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá àti agbègbè mẹ́ta ló wà ní Kánádà. Quebec nìkan ni kò sí nínú ohun tí a lè yàn, nítorí wọ́n ń ṣa àwọn èèyàn tiwọn lọ́tọ̀, Faransé sì ni wọ́n ń sọ. Gbogbo ìyókù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó le. Ilẹ̀ tó fẹ̀ débi pé aago mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀, níbo lèèyàn máa kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí?

Gbogbo iṣẹ́ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní Kánádà. Ti jórinjórin ni 72106, ti nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí ni 31301. Ẹ ó tẹ orúkọ iṣẹ́ yín, ẹ ó yan ìpínlẹ̀ tàbí ìlú, ojú ewé iṣẹ́ náà á sì ṣí. Wọn kò ní kí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Kò jẹ détà púpọ̀ pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú iná lọ, tí nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège, ó ṣí lórí fóònù mi. Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ ni Prospects. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí láàárín ọdún mẹ́ta sí i ní agbègbè kọ̀ọ̀kan: ìràwọ̀ kan, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ìràwọ̀ márùn-ún, iṣẹ́ pọ̀ jaburata. Èmi náà sáré lọ síbẹ̀. Mo kọ ìràwọ̀ ìlú mẹ́jọ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé ọmọ mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìyàwó mi ló ní kí n tẹ Requirements. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ di òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bóyá òfin ìpínlẹ̀ náà gbà kí èèyàn ṣe iṣẹ́ yẹn láìgba ìwé ẹ̀rí tiwọn. Alberta, níbi tí Calgary wà, kò gbà á fún jórinjórin: àfi kí o ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀, tàbí kí o forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Manitoba gbà á. Ontario náà gbà á. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń ṣe géètì àti irin fèrèsé ilé káàkiri Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìfàkì, ìwé kan ṣoṣo tí mo sì ní ni ti tréèdì tẹ́ẹ̀sì. Ká ní ìràwọ̀ nìkan ni mo tẹ̀ lé dé Calgary, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ǹ bá dúró sí, tí màá máa gbọ́ ìró iṣẹ́ nínú ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka Requirements kí ẹ tó wo ìràwọ̀ kankan.

Ohun tí ojú ewé náà kò tẹnu mọ́ tó fún mi ni pé, bí òfin kò bá béèrè, ọ̀gá ilé iṣẹ́ á béèrè. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo tọ̀ lọ ní Winnipeg ló bi mí bóyá mo ti ṣe ìdánwò Canadian Welding Bureau, èyí tí wọ́n ń pè ní CWB. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe. Ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tí a fi ń jó irin, tí ọwọ́ mi mọ̀ láti Ajílósùn ni 6013. Èyí tí wọ́n gbé fún mi níbi ìdánwò ni irú 7018, tí wọ́n ń kọ 4918 sí lára lọ́hùn-ún. Inú ààrò kékeré ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kí ọ̀rinrin má bàa wọ̀ ọ́, bí o bá sì gbé ẹnu rẹ̀ jìnnà sí irin bí a ṣe máa ń ṣe fún 6013, iṣẹ́ náà á kún fún ihò wẹ́wẹ́. Mo kùnà nígbà àkọ́kọ́. Ó dùn mí, nítorí èèyàn lè rí 7018 rà ní Nàìjíríà. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ǹ bá ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọwọ́ mi nílé lórí páànù àlòkù. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Wages. Owó wákàtí kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, lọ́nà mẹ́ta: èyí tó kéré jù, ti àárín, èyí tó ga jù, fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ti àárín ni èmi àti ìyàwó mi fi ṣírò owó oúnjẹ àti owó ilé. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò ní ọ̀gá kan ní Kánádà tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀, ìdí èyí tó kéré jù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀.

Ti ìyàwó mi tún le ju tèmi lọ. Ìràwọ̀ nọ́ọ̀sì dára ní gbogbo ibi tí a wò, a sì jẹ́ kí ìyẹn tàn wá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé tirẹ̀, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, NCLEX, sì ń bẹ níwájú, ìwé láti ilé ìwé àti ibi iṣẹ́ nílé náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú ewé náà sọ pé iṣẹ́ yìí gba ìwé àṣẹ. Kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ó fi ọdún kan àti oṣù méje tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé ìtọ́jú kí ìwé tirẹ̀ tó jáde. Ẹni tó ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ìdó-Èkìtì! Kò ráhùn, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ láwọn òwúrọ̀ kan.

Job Bank kò mọ nǹkan kan nípa owó ilé. Ẹ lọ sí ojú òpó CMHC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìwádìí, wọ́n á wá tẹ owó ilé oníyàrá kan, méjì, mẹ́ta jáde fún ìlú kọ̀ọ̀kan, àti bí ilé tó ṣófo ṣe pọ̀ tó nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi owó iṣẹ́ tó kéré jù láti inú Job Bank sí apá òsì ìwé mi, mo fi owó ilé láti inú CMHC sí apá ọ̀tún. Fún Toronto, owó ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó iṣẹ́ mi mì tán. Fún Winnipeg, nǹkan ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀ fún mi. Nígbà tí a dé ni a tó mọ̀ pé ìjọba Manitoba ń fi gbèdéke lé iye tí onílé lè fi kún owó ilé lọ́dọọdún, àti pé iná mànàmáná wọn, tó jẹ́ pé agbára omi ni wọ́n fi ń ṣe é, kò wọ́n. Ó sì ti tó ọdún kan kí n tó ṣíwọ́ gbígbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ nínú oorun.

Àwọn tó ń pè é ní abúlé, ẹ gbọ́: ìkànìyàn 2021 ka 749,607 èèyàn nínú Winnipeg.

Òtútù rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ṣá. Ní oṣù Kìíní, kí alẹ́ lọ sí ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀. Wáyà ń yọ jáde lẹ́nu mọ́tò wa tí a ń kì bọ iná lálẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè jí láàárọ̀. Ọmọ mi kejì fi ọwọ́ lásán di irin ilẹ̀kùn mú ní ọ̀sẹ̀ kejì tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, ó sì ké. Bí ẹ bá ní ìnira egungun tàbí àìsàn tí òtútù ń jí, ẹ fi èyí ṣáájú ìràwọ̀, ṣáájú owó, ṣáájú ohun gbogbo.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ló kù, òun ló sì gbà mí lọ́kàn jù. Nígbà tí mo lọ sọ fún bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́ pé Winnipeg la ń lọ, wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Àbúrò mi wà ní Brampton, o fẹ́ lọ síbi tí a kò mọ̀. Bí o bá bímọ, ta ló máa bá ọ sọ ọ́ lórúkọ?" N kò rí èsì fọ̀ fún wọn. Ìbéèrè yẹn bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí ìyàwó mi bí àbígbẹ̀yìn wa nínú oṣù Kejì, nínú yìnyín, èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wá ní ọjọ́ kẹjọ. Ará Ìjẹ̀bú wà ńbẹ̀, ará Ìlọrin, ará Ògbómọ̀ṣọ́, àti ìyá kan láti Ọ̀tùn-Èkìtì tí wọ́n gúnyán fún gbogbo wa pẹ̀lú iṣu tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá mi ló pe orúkọ ọmọ náà lórí fóònù. Ìnáwó ọ̀hún wúni lórí. Síbẹ̀, ọdún kan àti díẹ̀ ló gbà wá kí a tó mọ èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹn, ìgbà òtútù àkọ́kọ́ sì dá páropáro fún ìyàwó mi. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ pé òun kò lè dá wà, kó lọ síbi tí ẹbí rẹ̀ wà, kódà bí owó ilé bá ga. N kò ní bá a jiyàn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n sọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí Job Bank máa wá iṣẹ́ tó bá yín mu, wọ́n lè béèrè nọ́ńbà SIN, nọ́ńbà tí ìjọba ń fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kánádà, èyí tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí èèyàn bá dé ló sábà máa ń gbà á. Láti Èkìtì, ojú ni ẹ fi lè wo púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ méjìlélógún láti Adó, ẹyọ kan ló dáhùn, ó ní kí n padà wá bí mo bá ti dé. Kí ẹ má lò ó láti wá iṣẹ́ láti ilé. Ẹ lò ó láti yan ìlú. Fún ìyẹn, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé ìgbà náà ní Ajílósùn, tó ti di oníṣẹ́ iná mànàmáná báyìí, jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, a jọ ṣí ti iṣẹ́ rẹ̀, 72200. A tẹ Requirements fún Alberta, Ontario àti Manitoba. Dandan ni ìwé ẹ̀rí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò wá síbi tí mo lè gbà nìyẹn." Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n láti isìnyí ló ti máa kó ìwé iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ jọ lọ́dọ̀ gbogbo ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́, kó tó ronú kan ìlú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa jókòó ti owó ilé. Mo ní kó mú ìyàwó rẹ̀ dání wá.