Ìtúnkùn ike inú Peugeot 504 mi: iṣẹ́ ọlọ́dà kan nítòsí ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Peugeot 504 funfun tí bàbá mi rà ní 1981 ni mo gbé lọ fún àwọn ọlọ́dà yìí. Ní Sochaux nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti tò ó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣì ń dún bó ṣe yẹ. Irú ọkọ̀ yìí, tí Peugeot kọ́kọ́ gbé jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò ṣòroó tọ́jú lọ́dọ̀ wa, nítorí àwọn mẹkáníìkì Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Inú rẹ̀ ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Orí tabló, ìyẹn pátákó ike tó wà níwájú awakọ̀, tó dúdú kirikiri nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ti di aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ sì funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọn kò fi òróró pa lásìkò ọyẹ́. Bí èèyàn bá fi ìka fà á, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oòrùn ló fà á. Ìtànṣán tó ń gba gíláàsì iwájú wọlé máa ń já àwọn okùn tíntìntín tó di ike mú, bẹ́ẹ̀ ni ooru inú ọkọ̀ tí a tì pa máa ń lé èròjà tó ń mú kí ike rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, títí ojú ike yóò fi gbẹ tí yóò sì máa ṣí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹlòmíràn ti ba iṣẹ́ jẹ́ fún mi. Ọlọ́dà kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, gba ìdérí àpótí iwájú (àpótí kékeré inú tabló) lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, ó sì fín ọ̀dà ara ọkọ̀ lé e lórí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, ó ń dán bíi bàtà ọjọ́ Iléyá. Kò tó oṣù méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó: ibi tí àtàǹpàkò mi máa ń tẹ̀ láti ṣí i ló kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ ń ká kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀dà náà kò burú, irin ni wọ́n ṣe é fún. Ike máa ń tẹ̀, ó sì máa ń fẹ̀ nínú ooru ju irin lọ, ọ̀dà tí kò bá lè bá a tẹ̀ yóò sán.

Ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ páànù, nítòsí ọjà Ouando. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Mo rò pé owó ló máa kọ́kọ́ bá mi sọ, ṣùgbọ́n abọ́ omi ló ní kí wọ́n gbé wá. Ó fi ọ̀bẹ gé ike díẹ̀, tí kò tó èékánná, lẹ́yìn ìdérí kọ̀ọ̀kan níbi tí ojú kò lè dé, ó sì ń jù wọ́n sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn rì, àfi ẹyọ kan tó léfòó. Ó wo èyí dáadáa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, eléyìí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí.” Òótọ́ ló sọ. Ìdérí òpó gíláàsì iwájú lápá òsì fọ́ nígbà ayé bàbá mi, ti ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n rà ní Tọ́kpà, ọjà ńlá Kútọnu, ni wọ́n sì gé láti fi dí i.

Ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó, ọ̀dà kì í sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fín oògùn ìlẹ̀mọ́ kan tí kò láwọ̀ sí i, kí ọ̀dà tó lè mú un. ABS àti PVC, oríṣi ike méjì mìíràn, wúwo ju omi lọ ní tiwọn, ọ̀dà sì máa ń mú wọn dáadáa bí ojú wọn bá mọ́. Wọ́n máa ń tẹ orúkọ ike sí ẹ̀yìn rẹ̀ lára ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbà àwọn bàbá wa kì í sábà ní irú àmì bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi inú abọ́ ló kù tí èèyàn lè bi léèrè.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ jókòó tì wọ́n, nítorí mo fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ti kó ìdè ìdérí kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Ibi ìfọ̀ yìí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ, èmi ni mo sì fà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi òróró ìdán tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà pa orí tabló, láìmọ̀ pé silicone, èròjà tó ń yọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ń wọ ojú ike lọ. Bí wọ́n bá fín ọ̀dà lé irú ojú bẹ́ẹ̀, ọ̀dà á sá fún un, yóò sì dá ihò róbótó-róbótó káàkiri. Ọmọ iṣẹ́ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ inú gbogbo ìlà wẹ́wẹ́, ó ṣàn án, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sì fi aṣọ funfun tí wọ́n rin sínú ọtí isopropyl nù ún. Aṣọ àkọ́kọ́ dúdú bíi èyí tí wọ́n fi nu ẹ́ńjìnnì. Ìkejì pọ́n rúsúrúsú. Nígbà tó di ìkarùn-ún, aṣọ jáde ní funfun bó ṣe wọlé. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e bọ́ sínú oòrùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, “Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu omi wọ́n ọn: omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ike, kò ṣù jọ bí ìrì orí ewé kókò, nítorí òróró tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń mú kí omi ṣù jọ.

Sáńpépà nọ́ńbà 600 ni wọ́n fi ha ibi tó tẹ́jú. Wọn kò jẹ́ kí sáńpépà kan ibi tó ní ìlà bíi ti awọ. Kànrìnkàn oníke, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ni wọ́n rọra fi ha ibẹ̀, kí àwọn ìlà náà má baà pa rẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n lò jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ike àti awọ àtọwọ́dá, tó lè bá ike tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fín in, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹnu ìbọn ọ̀dà sì jìnnà sí ike tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, wọ́n sì ń dúró fún bí ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó tún fín in.

Oṣù Kẹfà ni mo gbé ọkọ̀ lọ, àsìkò òjò ńlá wa. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọ̀gá fi kọ̀ láti fín ọ̀dà, inú sì bí mi lọ́jọ́ kẹta, títí tó fi ṣàlàyé pé bí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, bó ṣe máa ń rí létí ọ̀sà wa yìí, ọ̀dà tó ń yára gbẹ lè ṣú funfun bíi gíláàsì tí èèyàn mí èémí lù. Mo fara mọ́ ọn.

Àwọn àléébù tí mo rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tóbi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, orí tabló ń dán. Ó rẹwà lójú ẹni tó dúró sí ìta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wakọ̀ náà dé ojú títì lọ́sàn-án, àwòrán tabló gba gbogbo gíláàsì iwájú, mo sì ń wo ọ̀nà bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ odò. Ewu ni èyí. Ó yẹ kí ọlọ́dà tó ń ṣe inú ọkọ̀ mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé oníbàárà sọ fún un: ohunkóhun tó bá dojú kọ gíláàsì iwájú kò gbọ́dọ̀ dán. Ọ̀gá kò jà, kò sì gba kọ́bọ̀ kún owó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣì í,” ó sì tún un ṣe pẹ̀lú ọ̀dà tí kò dán rárá, èyí tó jẹ́ bí orí tabló yẹn ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀dà tún mú kí àwọn abẹ́ ihò afẹ́fẹ́ méjì lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ní láti fi ọ̀bẹ tín-ín-rín là wọ́n.

Fáránkì 85.000 ni mo san lápapọ̀, ìdajì rẹ̀ ṣáájú, iṣẹ́ náà sì gba ọjọ́ 11 pẹ̀lú ọjọ́ òjò àti ọjọ́ àtúnṣe. Kò wọ́n lójú mi fún irú ìfọ̀ tí mo rí. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa wọn ni pé wọ́n mọ iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n kọ̀. Ìgbápá ilẹ̀kùn ọ̀tún ti là, ọ̀gá sì sọ fún mi pé ọ̀dà kì í di ojú ibi tó là, ó rán mi sí ẹni tó ń rán awọ àga ọkọ̀. Bákan náà ló kọ̀ láti kun ọwọ́ ìdarí, nítorí òógùn àtẹ́lẹwọ́ àti ìpara tí a ń fi para yóò tètè jẹ ọ̀dà rẹ̀.

Ó ní kí n má fi nǹkan kan nù ún fún ọjọ́ méje, àti pé láti ìgbà náà lọ, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi téèpù tó lẹ̀ gan-an lẹ̀ mọ́ ìdérí àpótí iwájú, níbi tí àtàǹpàkò mi máa ń tẹ̀, mo sì fà á já lójijì: kò sí ọ̀dà kankan lára téèpù. Ìdérí ti Tọ́kpà náà dì mú bíi ti àwọn yòókù, àwọ̀ wọn sì dọ́gba. Ìlà ojú rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, ọ̀dà kò sì lè yí ìyẹn padà. Ike ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì ló kù, mo sì ti bá a ṣe àdéhùn ìparí oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dá, tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé.